Bí Ẹ Ṣe Lè Gba Ìtàn Àwọn Ọ̀ta Púùlù Sílẹ̀ Láti Ẹnu Wọn

Ìbéèrè kan náà ni àwọn èèyàn ń bi mí ṣáá lórí iṣẹ́ gbígba ìtàn àwọn ọ̀ta púùlù (ìyẹn àwọn tó mọ púùlù gbá dáadáa) sílẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ wo ni kí n rà?" Màá dáhùn, àmọ́ ẹ jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀, torí ẹ̀rọ kọ́ ló máa ń ba irú iṣẹ́ yìí jẹ́. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ rèé: bàbá kan á jókòó, á na ọwọ́ síwájú, á ní "bọ́ọ̀lù wà níbí, mo gbá a báyìí, ó yí gba ọ̀hún, ó wọlé!" Gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá á pariwo. Ẹ̀yin náà á pariwo. Ẹ ó wá délé, ẹ ó tẹ́tí sí i, ẹ ò ní mọ ibi tí bọ́ọ̀lù wà, ẹ ò ní mọ ibi tó gbà. Púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ níbí dá lórí bí ẹ ó ṣe gba ìtàn kúrò lọ́wọ́ ọwọ́ wọn, kí ẹ gbé e sí wọn lẹ́nu.

Púùlù tí mo ń wí kì í ṣe ti kúpọ́ọ̀nù tí àwọn bàbá wa ń kọ nọ́ńbà sí nítorí ọjọ́ Sátidé o. Orí tábìlì ni, èyí tí a sọ ní sínúkà ní Èkó àti Ìbàdàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé púùlù gan-an là ń gbá lórí rẹ̀. Houston, ní Amẹ́ríkà, ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, láàárín àwọn tó fi púùlù jẹun fún ogún, ọgbọ̀n ọdún. Ibẹ̀ ni àpẹẹrẹ mi ti wá.

## Kí ẹ tó ra ohunkóhun: ìtàn ta ni?

Bí ẹ bá ní gbogbo ọ̀ta púùlù ni ẹ fẹ́ gbà sílẹ̀, ẹ ò ní gba ẹnì kan sílẹ̀. Ẹ yan ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo:

- Ilé púùlù kan. Àwọn tó ń pàdé níbẹ̀, ẹni tó ni ín, ẹni tó ń dúró nídìí káńtà.
- Ìdíje kan. Bí àpẹẹrẹ, Johnston City ní Illinois, níbi tí George àti Paulie Jansco ti ń kó àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ nídìí púùlù jọ láti 1961 títí di 1972. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 25 nígbà tí wọ́n ṣe é kẹ́yìn ti lé ní 75 báyìí. Bí irú wọn bá wà nítòsí yín, ọ̀dọ̀ wọn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi àwọn ọ̀dọ́ sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀.
- Irú eré kan. Nine-ball, one-pocket (ihò kan ṣoṣo ni ẹnì kọ̀ọ̀kan lè gbá bọ́ọ̀lù sí), tàbí straight pool (bọ́ọ̀lù èyíkéyìí lẹ lè gbá wọlé, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ojú ayò kan) tí àwọn àgbà fẹ́ràn.
- Àwọn obìnrin. Jean Balukas ti Brooklyn ń gba US Open ti púùlù láti 1972, nígbà tí kò tíì ju ọmọ ọdún 13 lọ. Síbẹ̀, bí ẹ bá wọ ilé púùlù tí ẹ ní kí wọ́n sọ ìtàn, ọkùnrin mẹ́wàá ni wọ́n máa kọ́kọ́ dárúkọ fún yín.

Èèyàn márùn-ún tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi sọ́kàn pé wákàtí kan tí ẹ gbà sílẹ̀ á jẹ wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ lẹ́yìn náà, nídìí gígé, kíkọ àti ìbéèrè tí ẹ ó tún padà lọ bi.

## Irinṣẹ́

Ó dáa, ẹ̀rọ náà rèé. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kékeré èyíkéyìí tó ń gba WAV (irú fáìlì tí kì í fún ohùn pọ̀), tó sì ní ihò tí a lè ki máìkì bọ̀, ti tó. Àwọn tí ilé-iṣẹ́ Zoom àti Tascam ń ṣe wọ́pọ̀. Bí owó kò bá sí, fóònù yín pẹ̀lú máìkì kékeré tí wọ́n ń há mọ́ àyà ẹ̀wù dára ju ẹ̀rọ olówó ńlá tí ẹ gbé sí ìsọdá yàrá lọ. Kí máìkì má jìnnà sí ẹnu ju àtẹ́lẹwọ́ tí ẹ yà gbàragàdà lọ. Mi ò ní òfin míì lórí máìkì.

Ẹ wo inú àpò yín kí ẹ tó jáde nílé:

- ẹ̀rọ, tí ẹ ti ṣètò sí WAV, 48 kHz, 24-bit (mono, ohùn ọ̀nà kan, fún wákàtí kan á gba nǹkan bíi 520 MB; stereo, ohùn ọ̀nà méjì, á gba ìlọ́po méjì)
- máìkì àyà méjì, ọ̀kan tiyín, ọ̀kan tiwọn
- earpiece tó bo etí dáadáa
- bátìrì tuntun àti àfikún, memory card méjì
- tówẹ́ẹ̀lì tó nípọn
- ìwé àdéhùn ẹ̀dà méjì, bírò méjì
- bébà mẹ́wàá tí ẹ ti ya àwòrán tábìlì púùlù sí, pẹ̀lú ihò mẹ́fà. Ẹ má fojú di èyí, a ń bọ̀ wá lò ó.

## Bí ẹ ó ṣe tọ̀ wọ́n lọ

Ìgbà àkọ́kọ́, ẹ má gbé ẹ̀rọ dání. Ẹ lọ jókòó, ẹ ra nǹkan mu, ẹ san owó tábìlì, ẹ gbá tiyín kó bàjẹ́ lójú wọn. Ẹni tó wà nídìí káńtà ni kó mú yín mọ àgbà náà. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ lọ bá a, ó máa rò pé tẹ́tẹ́ lẹ wá bá òun ta tàbí pé ìjọba ló rán yín.

Ibi ìdíje ńlá bíi Derby City Classic, tó ń wáyé níbẹ̀rẹ̀ ọdún láti 1999, dùn lójú torí gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń dúró de eré rẹ̀ kò sí níbẹ̀, ara rẹ̀ nìkan ló jókòó. Ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀, kí ẹ pè é lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan.

Orúkọ ìnagijẹ ni wọ́n ń jẹ́ láàárín ara wọn, wọn ò sì ka ọjọ́ orí sí. Èmi ò lè pe ẹni ọgọ́rin ọdún ní "Ẹyin" tàbí "Ìgbín" kí ọkàn mi balẹ̀, nítorí náà "sir" ni mo ń pè wọ́n. Wọ́n fi mí ṣẹ̀sín fún oṣù kan. Lẹ́yìn náà, ó jọ pé ó tẹ́ wọn lọ́rùn.

Ọ̀rọ̀ owó: àwọn kan á ní kí ẹ san nǹkan. Oúnjẹ àti epo ọkọ̀ ni mo ń san. Mi ò ń sanwó ìtàn, torí ẹni tó bá ti gba ọgọ́rùn-ún dọ́là á fẹ́ kí ìtàn rẹ̀ tó ọgọ́rùn-ún dọ́là.

## Ọjọ́ ìgbasílẹ̀, ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀

1. Ẹ lọ ní òwúrọ̀, kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún oníbàárà. Bí bọ́ọ̀lù bá ń dún lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ò ní lè gé ọ̀rọ̀ kankan. Orin inú jukebox tún burú jù: ẹ ò lè yọ ọ́ kúrò, ẹ ò sì ní ẹ̀tọ́ láti tún un gbé síta.

2. Ẹ dúró sáàárín yàrá, ẹ dijú fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ ó gbọ́ fíríìjì ọtí, ẹ̀rọ amúlétutù, àti iná gígùn orí tábìlì tó ń kùn bí eṣinṣin. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ onílé kí ẹ tó pa wọ́n. Bí ẹ bá yọ fíríìjì, ẹ ju kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yín sínú rẹ̀. Ẹ ò ní lè wa ọkọ̀ lọ láìrántí tàn án padà.

3. Ẹ má gbé ẹ̀rọ lé orí tábìlì púùlù. Òkúta pẹlẹbẹ ló wà lábẹ́ aṣọ yẹn, gbogbo ìka tí wọ́n bá fi gbá a ni ẹ̀rọ á gbọ́. Onílé náà ò sì ní dá yín lóhùn mọ́. Ẹ gbé e sórí àga, kí ẹ ká tówẹ́ẹ̀lì sábẹ́ rẹ̀.

4. Ẹ ní kó sọ ohun tó jẹ láàárọ̀. Bó ṣe ń sọ ọ́, ẹ yí bọ́tìnì títí ohùn rẹ̀ tó lọ sókè jù á fi máa kan −12 dB. Ẹ pa auto level, èyí tó ń fúnra rẹ̀ yí ohùn sókè sódò. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ẹ̀rín, torí ẹ̀rín àwọn bàbá yìí máa ń dún ju ọ̀rọ̀ wọn lọ ní ìlọ́po méjì.

5. Ẹ wo iná pupa, kí ẹ sì wo nọ́ńbà. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, bí iná pupa bá ń ṣẹ́jú, ó ń dúró dè yín ni, kò tíì gba nǹkan kan. Ìgbà àkọ́kọ́ tèmi, bàbá kan sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 47 nípa bí ó ṣe ta ọkọ̀ rẹ̀ ní Oklahoma kó lè gbá eré kan sí i. Iná ń ṣẹ́jú, inú mi ń dùn. Nígbà tí mo ní kó tún un sọ, ìṣẹ́jú mẹ́jọ ló fi sọ ọ́, ọkọ̀ náà sì ti di ọ̀kadà. Kí ẹ rí i pé nọ́ńbà ìṣẹ́jú ń sáré.

6. Ẹ sọ ọjọ́, ibi tí ẹ wà àti orúkọ sórí ẹ̀rọ. Kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun mọ̀ pé wọ́n ń gba ohùn òun sílẹ̀ àti pé òun gbà. Ìwé tó fọwọ́ sí wà lọ́tọ̀, ẹ nílò méjèèjì.

7. Ẹ bi í ní ìbéèrè kan, kí ẹ panu mọ́. Nídìí ayò, ẹni tó bá dé á ní "mo kọ́ta, mo kọ́pẹ", wọ́n á sì dá a lóhùn pé ọ̀ta ń jẹ́, ọ̀pẹ ò gbọdọ̀ fọhùn. Lọ́jọ́ yìí, ẹ̀yin ni ọ̀pẹ. Ó nira fún àwa Yorùbá, torí bí èèyàn bá ń sọ̀tàn fún wa, a ó máa gbè é ni: "hẹn", "ẹ̀n-ẹ́n", "háà, ẹ ò rí nǹkan!" Lórí ẹ̀rọ, gbogbo "hẹn" yẹn á lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹ̀gún koríko mọ́ aṣọ, ẹ ò ní rí i yọ. Ẹ mi orí. Ẹ la ojú. Ẹ rẹ́rìn-ín láìdún.

8. Nígbà tó bá ní "ó tó", ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ máa lọ, kí ẹ sì sọ fún un pé ó ṣì ń lọ. Lẹ́yìn tó bá ti rọ ẹ̀yìn sórí àga ni ìtàn tó dùn jù máa ń jáde.

9. Ẹ gba ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yàrá náà fún ìṣẹ́jú kan, ẹ ó fi dí ojú ibi tí ẹ bá gé. Lẹ́yìn náà, ẹ gba ìró púùlù lọ́tọ̀: bí wọ́n ṣe ń fọ́ bọ́ọ̀lù (ìyẹn gbígbá àkọ́kọ́ tó ń tú wọn ká), bí bọ́ọ̀lù ṣe ń já sí ihò, bí ṣọ́ọ̀kì ṣe ń ha lórí ọ̀pá.

## Bọ́ọ̀lù wo, ihò wo?

Bí mo ṣe kọ́kọ́ gba ìtàn kan rèé:

"Ó fi mẹ́sàn-án sílẹ̀ níbí. Èmi wà lọ́hùn-ún. Àárín ti dí. Mo ní, kò burú. Mo gbá a lọ síbẹ̀ yẹn, ó padà báyìí..." Lẹ́yìn ìyẹn, àtẹ́wọ́ ẹnì kan.

Mo padà lọ. Mo gbé bébà tábìlì síwájú rẹ̀, mo ní kó fi bírò sàmì sí ibi tí gbogbo bọ́ọ̀lù wà, kó máa sọ ọ́ bó ṣe ń sàmì ("funfun" ni bọ́ọ̀lù tí a ń fi ọ̀pá gbá kó lè lọ kan àwọn yòókù):

"Mẹ́sàn-án wà lẹ́nu ihò igun, ní apá ibi tí a ti ń fọ́ bọ́ọ̀lù, lọ́wọ́ òsì. Kò wọlé, ìbú ìka méjì ló kù. Funfun tèmi lẹ̀ mọ́ etí tábìlì ní ìdí kejì, bọ́ọ̀lù nọ́ńbà mẹ́jọ dúró sáàárín wa bí ọlọ́pàá. Gbogbo owó tó wà lórí tábìlì yẹn, owó ilé ọ̀rẹ́ mi ni."

Ọ̀rọ̀ owó ilé yẹn kò sí nínú ìtàn àkọ́kọ́. Bírò ló fà á yọ. Nígbà tí ọwọ́ rí iṣẹ́ ṣe, ẹnu náà ráyè. Ẹ fi nọ́ńbà sí bébà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì pe nọ́ńbà náà sórí ẹ̀rọ.

Nígbàkigbà tí ẹ bá gbọ́ "níbí" tàbí "báyìí", ẹ dúró kó mí, kí ẹ wá bi í:

- Bọ́ọ̀lù nọ́ńbà mélòó?
- Ihò igun àbí ihò àárín? Apá ibi tí wọ́n ti ń fọ́ ọ, àbí apá ibi tí wọ́n to ó sí?
- Funfun jìnnà tó báwo? (Àmì 18 ló wà lára etí tábìlì, wọ́n mọ̀ wọ́n bí ẹni mọ ojú ọmọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi kà á.)
- Tábìlì ńlá ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án ni, àbí ti ilé ọtí, ẹsẹ̀ bàtà méje? Ìtàn yàtọ̀.

Fún olùgbọ́ tí kò gbá púùlù rí, ẹ ní kí ọ̀ta fúnra rẹ̀ ṣàlàyé òfin eré náà ní gbólóhùn kan tàbí méjì. Nine-ball, bí àpẹẹrẹ: bọ́ọ̀lù tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré jù lórí tábìlì ni wàá kọ́kọ́ fi funfun kàn, ẹni tó bá sì gbá mẹ́sàn-án wọlé ló jẹ. Lẹ́nu rẹ̀ ló ti máa dùn.

Ọ̀rọ̀ wọn kan máa ń dójú ti ẹni tó bá ń kọ ọ́ sílẹ̀ tàbí tó ń túmọ̀ rẹ̀. "English" lẹ́nu wọn kì í ṣe èdè, ó jẹ́ bí a ṣe ń gbá ẹ̀gbẹ́ funfun kó lè máa yí. "Ó fún mi ní méje" kì í ṣe ẹ̀bùn bọ́ọ̀lù. Àyè ni ẹni tó lágbára fi sílẹ̀ fún ẹnìkejì: bí èyí tó fún láyè bá ti gbá nọ́ńbà méje wọlé, ó jẹ nìyẹn, kò dìgbà tó dé orí mẹ́sàn-án. Ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn di ọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà kò mọ èyíkéyìí nínú wọn. Ẹ lè lò ó láti ṣe ẹ̀dà àkọ́kọ́, kí ẹ wá fi etí ara yín tún un kà.

Ìbéèrè "Kí ló mú yín fẹ́ràn púùlù?" kì í bí nǹkan kan, ìdáhùn rẹ̀ ti wà lẹ́nu wọn láti ọjọ́ tí oníròyìn ti ń bi wọ́n. Àwọn wọ̀nyí ni mo fi ń rí nǹkan gbà:

- Ta ló kọ́kọ́ fi ọ̀pá lé yín lọ́wọ́? Ibo lẹ̀yin méjèèjì wà?
- Eélòó ló wà lápò yín nígbà tí ẹ wọlé lálẹ́ ọjọ́ náà? Owó ta ni?
- Lálẹ́ tí ẹ pàdánù, báwo lẹ ṣe délé?

Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn, mi ò tíì bi ẹnì kan kó má jókòó dáadáa kó tó dáhùn.

## Owó, orúkọ, àti ìtàn tó ń wú

Púùlù àti tẹ́tẹ́ jọ dàgbà ni. Ẹ máa gbọ́ orúkọ olówó-ẹ̀yìn, ẹni tó ń gbé owó kalẹ̀ fún ọ̀ta kí wọ́n lè pín èrè. Ẹ máa gbọ́ orúkọ ẹni tó jẹ gbèsè. Èyí tó léwu jù ni "ó ta eré yẹn", ìyẹn ni pé ó mọ̀ọ́mọ̀ pàdánù kó lè gbowó lápá kejì. Bí ẹni tí wọ́n ń sọ bá wà láàyè, tí kò sì sí ẹ̀rí, ẹ gé orúkọ náà kúrò nínú èyí tí àwọn èèyàn máa gbọ́. Ẹ má fi ìró "píì" bò ó, gbogbo ayé á bẹ̀rẹ̀ sí í méfò ni. Ẹ gé gbólóhùn náà látòkèdélẹ̀. Ẹ tún lè ti odindi ìtàn kan pa fún iye ọdún tó bá fẹ́, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn.

Ìtàn máa ń wú. Ní 1985, Efren Reyes, ọ̀ta púùlù láti Philippines, wá sí Houston, ó pe ara rẹ̀ ní Cesar Morales, ó sì gba ìdíje tí wọ́n ṣe ní ilé púùlù Red's. Bí gbogbo ẹni tó ti sọ fún mi pé òun wà níbẹ̀ bá wà níbẹ̀ lóòótọ́, ilé náà ì bá ti ya. Mi ò kì í já wọn nírọ́. Mo ń bi wọ́n pé: "Ibo lẹ jókòó sí?" Ẹni tó wà níbẹ̀ á sọ fún yín nípa ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ tí kò jẹ́ kó ríran.

Lórí nọ́ńbà, ẹ ní ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bọ́ọ̀lù 526 tí Willie Mosconi, ọ̀ta ará Amẹ́ríkà, gbá wọlé láìtàsé nínú straight pool ní Springfield, Ohio, ní 1954, ló dúró gẹ́gẹ́ bí èyí tó pọ̀ jù títí John Schmidt fi gbá 626 ní 2019. Bí bàbá kan bá sọ fún yín pé òun gbá 600 ní 1983, ẹ má tako ó lórí ẹ̀rọ. Ó lè jẹ́ níbi ìdánrawò tí kò sí ẹlẹ́rìí. Ẹ bi í bóyá ẹnì kan kà á, kí ẹ sì kọ ìdáhùn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì.

## Ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an

1. Kí ẹ tó sùn, ẹ da fáìlì náà kọ sí ibi mẹ́ta: kọ̀ǹpútà, hard drive, àti ibì kan tí kì í ṣe inú ilé yín. Ẹ má pa ti orí memory card rẹ́ àfi tí ẹ bá ti ṣí àwọn yòókù gbọ́.
2. Ẹ fún fáìlì lórúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọdún, oṣù àti ọjọ́. Ẹ má fi àmì ohùn sí orúkọ fáìlì, kọ̀ǹpútà míì á sọ ọ́ di jágbajàgba.
3. Ẹ má fọwọ́ kan WAV àkọ́kọ́. Ẹ̀dà rẹ̀ ni kí ẹ máa gé. Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń gé ohùn, ọ̀fẹ́ ni, ó sì tó.
4. Ẹ rọra lo ohun tó ń pa ariwo ẹ̀yìn rẹ́. Bí ẹ bá fà á jù, ọ̀ta yín á dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ látinú kànga. Fíríìjì díẹ̀ sàn ju kànga lọ.
5. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbé e jáde, −16 LUFS (ìwọ̀n bí ohùn ṣe ń dún tó) fún stereo, −19 fún mono.

## Bí ẹ kò bá lè dé ọ̀dọ̀ wọn

Ẹ pè wọ́n lórí fóònù kan, kí wọ́n fi fóònù kejì gba ohùn ara wọn sílẹ̀ lápá ọ̀dọ̀ wọn, kí ẹ̀yin náà gba tiyín. Bí wọ́n bá fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí wọ́n fi í ránṣẹ́ bíi document, kì í ṣe voice note, torí voice note á ti fún ohùn náà pọ̀. Áàpù StoryCorps, àjọ kan ní Amẹ́ríkà, náà wà, ọ̀fẹ́ ni. Láti 2003 ni àjọ náà ti ń gba irú ìtàn báyìí, American Folklife Center ní Library of Congress, ilé ìkàwé ìjọba Amẹ́ríkà, sì ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí.

Bí ẹni kan bá jẹ́ ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹ wá ẹni tó máa ń bá a gbá, kí ẹ jókòó ti àwọn méjèèjì pa pọ̀, máìkì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á máa tún ara wọn ṣe. Iṣẹ́ yín ò ju kí ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, tí sínúkà wà ní ojú títì yín: gbogbo èyí ló bá yín mu, àyàfi pé ẹ gbọ́dọ̀ dúró de iná. Kò sí ohun tó ń yọ jẹnẹrétọ̀ kúrò lára ohùn.

## Kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ọ

Ọ̀ta ni kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ, títí dé ìparí, èyí tí ẹ ti gé. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ sì fún un ní ọ̀nà tó lè fi gbọ́ ọ lóòótọ́. Bàbá tó ta ọkọ̀ ní Oklahoma yẹn kò ní kọ̀ǹpútà, fóònù rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí a ń ṣẹ́ po. Mo kọ ọ́ sórí CD fún un, torí ọkọ̀ tó ń wà báyìí ṣì ní ẹ̀rọ CD. Ó jókòó sínú rẹ̀ níwájú ilé púùlù, ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, ó wọlé wá bá mi, ó ní kí n yọ orúkọ ẹnì kan. Mo yọ ọ́ lọ́jọ́ náà.